Ẹ Má Bẹ̀rù Ínsúlínì: Àrokò Ara Wa Ni

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ọ̀pọ̀ ilé ní ìgboro, nítorí pé àìsàn àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í ṣe àlejò láàárín wa mọ́. Kì í ṣe àìsàn olówó nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àgbàlagbà nìkan. Ọmọdé pàápàá ń ní in.

Bí dókítà bá kọ ínsúlínì fún aláìsàn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ ní dísípẹ́ńsárì wa. Àwọn kan á ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀rọ̀ ti burú tó bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n ní ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, ikú ló kù." Àwọn mìíràn á ní ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á jáde, ẹ̀sìn àwọn kò sì gbà á. Àwọn kẹta á béèrè ìdí tí wọn kò fi ṣe é ní oníhóró kí a máa fi omi gbé e mì, dípò kí a máa gún ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kì í sì í fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Bí a bá mọ ohun tí ínsúlínì jẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, a ó rí ìdáhùn sí gbogbo wọn.

KÍ NI ÍNSÚLÍNÌ?

Láyé àwọn baba wa, kí ìwé kíkọ tó dé, àrokò ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, tí ó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó fẹ́ràn, ẹni náà yóò mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ ń fà sí òun. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Iye owó ẹyọ náà àti bí wọ́n ṣe tò ó, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ àrokò, a lè gbé e síwájú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní í gbọ́ nǹkan kan.

Ara wa náà ń pa àrokò. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù, páńkíríàsì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Bí a bá ti jẹ ẹ̀bà, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tán, oúnjẹ náà á di ṣúgà, á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà náà ni páńkíríàsì yóò rán ínsúlínì jáde. Ínsúlínì yóò bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Lára àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ti ọ̀rá, oníbodè kan wà tí ó mọ àrokò yìí dáadáa. Bí ó bá ti rí i, yóò ṣílẹ̀kùn, ṣúgà yóò sì wọlé. Ẹ̀dọ̀ náà ń gbọ́ iṣẹ́ kan náà, ó sì ń kó ṣúgà pamọ́ de ọjọ́ iwájú.

Bí àrokò náà kò bá wá, ṣúgà á dúró lóde, á kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa bá ìtọ̀ jáde, nígbà tí ebi sì ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì nínú ilé. Ìdí nìyí tí aláìsàn àtọ̀gbẹ fi lè máa jẹun púpọ̀ síbẹ̀ kí ó máa rù, kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́, kí ó sì máa tọ̀ lóru.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó gbà ń ṣẹlẹ̀. Ní ti èkínní, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé àti ọ̀dọ́, páńkíríàsì kò lè pa àrokò náà mọ́ rárá. Ní ti èkejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àgbà, oníbodè ni kò gbọ́ dáadáa mọ́, páńkíríàsì sì ń ṣiṣẹ́ títí ó fi ń rẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè èkínní nìyí: ínsúlínì kì í ṣe oògùn ẹni tó ń kú lọ. Ohun tí ara yòókù ń ṣe fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, a kàn ń bá ẹni tí tirẹ̀ kò tó pèsè rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n ń kú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

LÁTI ARA MÀLÚÙ DÉ INÚ KÒKÒRÒ ÀÌFOJÚRÍ

Ṣáájú ọdún 1922, ọmọ tí ó bá ní àtọ̀gbẹ irú ti èkínní kì í pẹ́ láyé. Oúnjẹ táṣẹ́rẹ́ ni àwọn dókítà máa ń fún un, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn díẹ̀ sí i. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní orílẹ̀-èdè Kánádà, dókítà kan tí ń jẹ́ Frederick Banting àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best, rí ọ̀nà láti fa àrokò yìí jáde láti ara páńkíríàsì ẹranko. Ọ̀jọ̀gbọ́n J. J. R. Macleod ni ó fún wọn ní ibi iṣẹ́, James Collip sì bá wọn fọ oògùn náà mọ́. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 1922, wọ́n fún ọmọkùnrin ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ní abẹ́rẹ́ náà. Èyí àkọ́kọ́ kò mọ́ tó, ó sì yọ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fún un ní òmíràn ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń dárò rẹ̀ tún lo ọdún 13 sí i. Àwọn tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ oògùn náà tà á fún Yunifásítì Toronto ní dọ́là kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ṣe ohun ìní ara rẹ̀.

Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí 60 ọdún, páńkíríàsì màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ láti ilé ìpẹran ni wọ́n ti ń fa ínsúlínì jáde. Iṣẹ́ ńlá ni: ó lé ní tọ́ọ̀nù 2 ẹ̀yà ara ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó rí ínsúlínì tí ó wúwo tó áúǹsì 8.

Báwo ni ti ẹranko ṣe lè ṣiṣẹ́ lára ènìyàn? Ínsúlínì jẹ́ èròjà amúaradàgbà. Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ 51 tí a sín sí okùn méjì, 21 lórí ọ̀kan, 30 lórí èkejì. Frederick Sanger, ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ka bí wọ́n ṣe tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1958. Ti ẹlẹ́dẹ̀ fi ìlẹ̀kẹ̀ 1 péré yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Ti màlúù fi 3 yàtọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ará Ìjẹ̀bú bá ń bá ará Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀: wọn yóò gbọ́ ara wọn yé, ṣùgbọ́n etí mọ̀ pé ohùn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara àwọn aláìsàn kan ṣe ń mọ̀ ọ́n, tí ojú ibi tí a gún yóò wú tàbí kí ó máa yún wọn.

Ní ọdún 1978 ni àyípadà ńlá dé. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ti ilé iṣẹ́ Genentech àti ti ilé ìwòsàn City of Hope, mú ìlànà tí ara ènìyàn fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ìlànà yìí wà nínú DNA, èyí tí í ṣe ìwé àṣẹ tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú kòkòrò àìfojúrí kan tí irú rẹ̀ ń gbé nínú ìfun wa. Kòkòrò yìí kò mọ̀ pé àṣẹ àlejò ni. Ó ń ka ohun tí ó bá rí, ó sì ń ṣe é. Bí oúnjẹ àti ooru bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, láàárín nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ọ̀kan ń di méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, gbogbo ọmọ tí ó bá sì bí ni ó mọ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò yọ ínsúlínì kúrò nínú rẹ̀, wọn yóò fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, wọn yóò sì sọ kòkòrò náà nù.

Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1982, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n máa ta ínsúlínì yìí fún aláìsàn. Òun ni oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ọgbọ́n yìí ṣe tí ó dé ọjà. Lẹ́yìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi ìwúkàrà ṣe é, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ìlẹ̀kẹ̀ 51 náà pé, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí páńkíríàsì ènìyàn ń pa. Òmíràn tún wà lóde òní tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì padà nínú rẹ̀, kí ó lè tètè ṣiṣẹ́ tàbí kí ó pẹ́ lára.

Èyí ni ìdáhùn fún ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń dà láàmú. Ọ̀pọ̀ jù lọ ínsúlínì tí a ń lò lónìí kò ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ ní kí apòògùn ka ìwé inú páálí náà fún yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn dá a dúró nítorí ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò.

KÍ LÓ DÉ TÍ KÌ Í ṢE ONÍHÓRÓ?

Mo ti wí pé èròjà amúaradàgbà ni, bí ẹran, ẹja àti ẹ̀wà. Kí ni ikùn máa ń ṣe sí ẹran? Dídà ni yóò dà á. Bí a bá gbé ínsúlínì mì, ikùn yóò tú ìlẹ̀kẹ̀ náà ká kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, àrokò tí a sì ti tú okùn rẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan mọ́. Nítorí èyí ni a fi ń fi abẹ́rẹ́ gbé e gba abẹ́ awọ ara. Abẹ́rẹ́ òde òní kúrú, ó sì tín-ín-rín. Àwọn ọmọ tí mo ń tọ́jú ń gún ara wọn láìsunkún.

OORU NI Ọ̀TÁ RẸ̀

Èyí ni kí ẹ̀yin ìyálé ilé fi sọ́kàn jù lọ. Ẹyin tí a bá ti sè, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ́ di tútù mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ooru ń ṣe ínsúlínì. Ó lè máà yí àwọ̀ padà, ìgò rẹ̀ á ṣì mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti kúrò nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ń wá sí dísípẹ́ńsárì wa tí ṣúgà rẹ̀ ń ga sí i bí ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń gún un lójoojúmọ́. Ìyá rẹ̀ ti ń wí pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, ìyá àgbà sì ti ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ kí wọ́n máa lo àgbo. Mo béèrè ibi tí wọ́n ń gbé oògùn náà sí. Wọ́n ní orí tẹlifíṣọ̀n ni, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ọwọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ kò tó. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ ibẹ̀. A fún wọn ní ìgò tuntun, wọ́n gbé e sí ibi tó tutù, kò sì pẹ́ tí ṣúgà ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀. Oògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Oòrùn ni ó ti sè é. Bí wọ́n bá ti gba ti ìyá àgbà ni, ọmọ náà ì bá má pẹ́ kí ó tó dákú.

Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀:

1. Ìgò tí a kò tíì ṣí, inú fìríìjì ni kí ó wà, níbi tí òtútù rẹ̀ jẹ́ 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ má gbé e sí ibi tí yìnyín ń dì, bẹ́ẹ̀ ni kí ó má fara kan yìnyín. Èyí tí ó bá ti dì, ẹ sọ ọ́ nù. Yíyọ́ tí ó yọ́ padà kò tún un ṣe.

2. Èyí tí a ti ṣí tí a sì ń lò, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lè wà níta fìríìjì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, bí ibi tí ó wà kò bá gbóná jù. Ẹ ka ìwé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára páálí.

3. Ilé tí kò ní fìríìjì, tàbí tí iná kì í dúró, kí wọ́n rántí àmù tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tutù. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, ńlá àti kékeré. Ẹ gbé kékeré sínú ńlá, ẹ da yanrìn sí àárín wọn, ẹ sì máa fi omi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi oògùn sínú ọ̀rá tàbí ike tí omi kò lè wọ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ó wà níbòòji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, Mohammed Bah Abba, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí irú ìkòkò yìí, èyí tí ó ṣe fún àwọn àgbẹ̀ láti fi tọ́jú ẹ̀fọ́ àti tòmátì. Ó ń tutù dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, agbára rẹ̀ dín kù.

4. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí a ti pa sínú oòrùn, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò.

LÍLÒ RẸ̀

Ẹ má fi kún ìwọ̀n tí dókítà kọ, ẹ má sì dín in kù fúnra yín. Ínsúlínì tí ó mọ́ gaara bí omi kò gbọdọ̀ yí padà. Bí ó bá rú, ẹ má lò ó. Èyí tí ó funfun bí omi ògì láti ilé iṣẹ́, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì jẹ́jẹ́ kí ó pò pọ̀, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ máa pààrọ̀ ojú ibi tí ẹ ń gún, níbi ikùn, itan tàbí apá, nítorí ojú kan tí a bá ń gún nígbà gbogbo yóò le, oògùn kò sì ní í wọlé dáadáa. Kí ẹni méjì má lo abẹ́rẹ́ kan, ìbáà jẹ́ tọkọtaya.

Bí a bá gún un tí a kò jẹun, ṣúgà lè já wálẹ̀ jù. Òógùn yóò bo aláìsàn, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ebi yóò pa á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa dàrú bí ti ọ̀mùtí. Kíá, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 3 tàbí 4 mọ́ omi fún un, tàbí ẹ fún un ní ìdajì ife ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá yá, ẹ tún fún un, lẹ́yìn náà kí ó jẹun. Bí kò bá mọ ibi tí ó wà mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ọ̀nà kejì, bí aláìsàn bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, ínsúlínì rẹ̀ ni kò tó. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ibà tàbí òtútù bá mú un tí kò lè jẹun, ẹ má ṣe tìtorí èyí dá ínsúlínì dúró. Ẹ lọ bá dókítà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbààwẹ̀, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, kí ó rí dókítà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

ÀROKÒ TI ILÉ ÌWÁDÌÍ KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń ṣe àwọn àrokò ara mìíràn. Èyí tí ń mú ọmọ ga, láti inú orí òkú ni wọ́n ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1985, wọ́n rí i pé àwọn kan tí wọ́n gbà á ti kó àìsàn ọpọlọ tí ń pani, ọdún náà gan-an ni ti kòkòrò àìfojúrí sì gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Èyí tí kíndìnrín fi ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn eegun pé kí ó ṣe ẹ̀jẹ̀, ó gba àṣẹ níbẹ̀ ní ọdún 1989, ó sì dín gbígba ẹ̀jẹ̀ kù fún àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ọ̀pọ̀ irú àrokò bẹ́ẹ̀ sì wà tí wọ́n ń ṣe fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n ń sìn nínú àwo kì í fẹ́ dàgbà bí kò bá rí àrokò gbà, nítorí náà wọn á fi díẹ̀díẹ̀ sí i, kí wọ́n lè mọ bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná tàbí ohun tí ń mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ya olórí kunkun. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n a rí àwọn tí ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fẹ́ kí iṣan wọn yọ, pé kí wọ́n máa gún un. Bí ẹ bá rí ìgò tí wọ́n kọ "For research use only" sí lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ti ìwádìí nìkan ni. Wọn kò ṣe é fún ara ènìyàn, ẹnikẹ́ni kò sì dán ìmọ́tótó rẹ̀ wò fún abẹ́rẹ́. Àrokò tí a kò ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ara lè pe ohun tí a kò fẹ́ wá. Oògùn tí ó ní nọ́mbà NAFDAC, tí dókítà kọ, láti ọwọ́ apòògùn tí ẹ mọ̀, ni kí ẹ lò.

Mo mọ̀ pé owó ínsúlínì ń wúwo lọ́rùn ọ̀pọ̀ ìdílé. Bí agbára kò bá ká a, ẹ má fi ojú tì wá, ẹ má sì máa gún ìdajì ní kọ̀rọ̀. Ẹ wá sọ fún wa. Dókítà lè rí irú èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹni tí ó bá ń gún un déédéé, tí ó ń jẹun bó ṣe yẹ, tí ó sì ń gbé oògùn rẹ̀ síbi tó tutù, lè lọ sí iléèwé, ó lè ṣòwò, ó lè bímọ, ó sì lè di arúgbó. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.